Ẹsẹ̀ Kẹrin

Kí ó tó di pé gbogbo ọmọ ń wọ yàrá iṣẹ́ ọwọ́, àwọn mẹ́wàá péré ni ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń ṣí fún. Bí ìdánwò bá ti parí, ọ̀gá ilé-ìwé á ka orúkọ láti ipò kìn-ín-ní dé ipò kẹwàá, àwọn yẹn á sì gba ẹ̀yìn kíláàsì lọ sínú yàrá gígùn kan tí òórùn pákó kún inú rẹ̀. Àwọn mẹ́rìnlélógún tó kù á jókòó ti ìwé wọn. Wọ́n á máa gbọ́ ìró òòlù, wọn kò sì ní mọ ohun tí wọ́n ń kàn.

Obìnrin tó ń kọ́ wọn ní yàrá náà ni àwọn ọmọ ń pè ní Ìyá Onípákó. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, káfíńtà ni òun náà kí ilé-ìwé tó gbà á síṣẹ́. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ìka kan gé lọ́wọ́ òsì rẹ̀, àwọn ọmọ kì í sì í yéé béèrè bó ṣe gé. Ìdáhùn tó bá wá sí i lẹ́nu ló máa ń fún wọn. Lónìí á ní ayùn ló jẹ ẹ́. Lọ́la á ní òun yá ẹnì kan ni, ẹni náà kò tíì dá a padà.

Ohun tó ń dun obìnrin yìí kò ju ọ̀kan lọ. Ọdún méjì gbáko ló fi ń wọlé tọ ọ̀gá ilé-ìwé lọ lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, pé kí wọ́n jẹ́ kí gbogbo ọmọ kíláàsì karùn-ún máa wá sí yàrá iṣẹ́ ọwọ́.

"Ayùn mélòó lẹ ní?" Ọ̀gá á bi í.

"Mẹ́jọ, sà."

"Ọmọ mélòó ló wà ní kíláàsì?"

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n."

"Ṣé eyín ni àwọn tó kù fẹ́ fi gé tiwọn ni?"

Ọ̀gá kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kéré sí obìnrin náà lọ́jọ́ orí, ó sì máa ń bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, ẹ̀bùn ni iṣẹ́ ọwọ́, ẹni tó bá ti mọ̀wé tán ni wọ́n ń fún. Ojú tí Ìyá Onípákó fi wò ó yàtọ̀. Ó ti rí àwọn ọmọ tí ìwé kì í tètè yé, tí ọwọ́ wọn kì í dúró jẹ́ẹ́ lórí tábìlì, tí wọ́n á máa ha igi ìjókòó, tí wọ́n á máa tú pẹ́ńsùlù wò. Wọ́n á nà wọ́n nítorí rẹ̀. Ó gbà pé ọwọ́ yẹn ń wá iṣẹ́ ni.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà sú Ọ̀gá.

"Ó dáa, Màmá," ó ní. "Sáà kan. Gbogbo wọn pátá. Nígbà tí sáà bá ń parí lọ, aláyẹ̀wò ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́. Bí iṣẹ́ àwọn tó wà lẹ́yìn bá dára bíi ti àwọn tó wà níwájú, ẹ máa kó gbogbo wọn lọ títí ayé. Bí kò bá dára, a padà sí mẹ́wàá, ẹ ò sì gbọdọ̀ bá mi sọ ọ́ mọ́."

"Mo gbọ́, sà."

"Ẹ má kàn gbọ́. Ṣé ẹ gbà?"

"Mo gbà."

Àga kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló yàn fún wọn láti ṣe, oníkálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ogun ni. Mẹ́rin-mẹ́rin ló pín wọn sí ayùn kọ̀ọ̀kan. Ọmọ méjì ṣẹ́kù, ó ní kí àwọn yẹn máa fi ìfági fá ojú pákó títí yóò fi kàn wọ́n. Gbogbo yàrá ń hó yèè. Ẹni tó ń dúró de ayùn ń ta ẹni tó mú un nípàá, ẹni tó mú un ń gé e wọ́.

Òfin kan ṣoṣo ló fún wọn, ó sì ń tún un sọ lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹnì kejì. Bí ọmọ kan bá fẹ́ ran ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ẹnu ni kí ó fi ràn án. Kí ó káwọ́ sẹ́yìn, kí ó sọ ohun tó rí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti di àṣà. Ìwọ yóò rí ọmọ mẹ́ta tí wọ́n káwọ́ sẹ́yìn bíi bàbá àgbàlagbà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí ẹni tó ń gé igi, tí wọ́n ń ṣẹjọ́ fún un.

Àgbà ẹlẹ́jọ́ wọn ni ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Lóyà. Ipò kọkàndínlógún ló máa ń gbà nínú ìdánwò, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí kì í fèsì sí.

"Ma, àga mi kò wọ́ o," ó wí lọ́jọ́ kan. "Ilẹ̀ yàrá yìí ni kò tẹ́jú."

"Gbé e lọ síta ká wò ó níbẹ̀."

"Mo ti gbé e dé gbogbo ibi, Ma. Gbogbo ilẹ̀ ilé-ìwé yìí ni kò tẹ́jú."

Ìyá Onípákó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn ní sáà yẹn ju bó ṣe ń fi hàn lọ. Ọmọ kan wà tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdajì àti ìdá mẹ́rin nínú ìwé ìṣirò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọmọ náà fi ìka tẹ rúlà, ó ní, "Ma, ìdajì nìyí. Ìdajì ìdajì nìyí." Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó rí bàtà rẹ̀ tó sọnù. Olùkọ́ kíláàsì pàápàá wá wo ohun tí wọ́n ń ṣe, ó mi orí, ó lọ.

Ẹni tó kẹ́yìn nínú gbogbo wọn ni ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́. Ipò kẹrìnlélọ́gbọ̀n ni tirẹ̀ láti ọdún tó ti wọ ilé-ìwé. Ìyá rẹ̀ ń fọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìwòsàn, kò sí ẹlòmíràn nílé wọn. Jẹ́jẹ́ kì í ṣe aláìgbọ́ràn, kì í ṣe aláriwo. Ó kàn máa ń pẹ́ lórí ohun gbogbo ni. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á kọ́kọ́ wo ẹni tó bi í, á wo ilẹ̀, á tún wò ó, olùkọ́ á sì ti bi ẹlòmíràn.

Bó ṣe ń ṣe nínú kíláàsì náà ló ń ṣe nídìí pákó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fa ìlà kan, wọ́n á gé. Jẹ́jẹ́ á fa ìlà yí ojú igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, á gbé e sókè sí fèrèsé, á fi ojú kan wò ó. Bí ayùn bá yà díẹ̀, á dúró, á mú igi mìíràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò lórí ẹsẹ̀ kìíní. Ṣùgbọ́n nígbà tó kàn án mọ́ ìdí àga tán, Lóyà fi ọwọ́ méjèèjì fà á láti fi dán an wò, ẹsẹ̀ yẹn kò mira. Lóyà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

"Èyí kì í ṣe àga," Lóyà wí. "Ilé ni ọmọ yìí ń kọ́."

Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Ìyá Onípákó máa rí ẹ̀rín rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kọkànlá fi máa pé, àga mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ti parí. Àwọn kan wọ́ díẹ̀, ìṣó yọ síta lára àwọn kan, àmọ́ wọ́n ṣeé jókòó lé. Ti Jẹ́jẹ́ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Igi tó mú fún ẹsẹ̀ kẹrin ní kókó láàárín, ó sì ti ń wo kókó yẹn láti ọjọ́ mẹ́ta, ó ń ro ibi tí ayùn máa gbà.

"Ìgbà wo lo máa gé e?" Ìyá Onípákó bi í.

Jẹ́jẹ́ wò ó, ó wo ilẹ̀, ó tún wò ó. "Ọjọ́ Ajé, Ma. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ibi tó máa gbà."

Ọjọ́ Ẹtì sì ni aláyẹ̀wò ń bọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ sílé, Ìyá Onípákó dá to àwọn àga náà sórí ìlà mẹ́rin. Ó to mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tán, ó gbé ti Jẹ́jẹ́ sí ìkángun. Àga náà dojú dé. Ó gbé e dìde, ó tún dojú dé. Ó fara ti ògiri, ó ń wò ó. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá ń dún létí rẹ̀, pé àwọn tó wà lẹ́yìn, pé àwọn tó wà níwájú. Ta ló tún wà lẹ́yìn ju Jẹ́jẹ́ lọ? Ẹni tí aláyẹ̀wò máa kọ́kọ́ fi ojú wá nìyẹn.

Ó ro ó síwá, ó ro ó sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ kan ni nínú ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógóje. Ọmọ náà ti ṣe èyí tó le. Gbogbo òòlù tí wọ́n ti lù, gbogbo àtàǹpàkò tó ti wú, ṣé ó yẹ kí ó já sí asán nítorí ẹsẹ̀ kan tí ọjọ́ kò pé fún?

Ó mú igi mìíràn tí kò ní kókó. Ó gé e, ó fi ìfági fá a, ó kàn án. Kò tó ààbọ̀ wákàtí. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ yẹn láti kékeré, ó dùn mọ́ ọn bó ṣe ń wọlé. Ó gbé àga náà sílẹ̀, ó dúró ṣánṣán. Lẹ́yìn náà ló gbá ìyẹ̀fun pákó kúrò nílẹ̀, ó gbá a mọ́ ju bó ṣe máa ń gbá a lọ. Nígbà tó rí bí òun ṣe ń gbá a, ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àwọn ọmọ wọlé, oníkálukú sì lọ jókòó sórí tirẹ̀. Jẹ́jẹ́ dé ìdí tirẹ̀, ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ó fi ìka kan ẹsẹ̀ kẹrin, ó tún fi kan ẹ̀kẹta, ó padà sí ẹ̀kẹrin. Ó wá gbé ojú sókè wo Ìyá Onípákó. Ìyá Onípákó yára kọjú sí ibi tí ayùn wà, ó ń tò wọ́n, bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọ́n ti tò tẹ́lẹ̀.

Aláyẹ̀wò wọlé pẹ̀lú Ọ̀gá. Obìnrin tínńrín ni, ó so awò ojú mọ́ ọrùn, ohùn rẹ̀ sì tutù. Kò dúró lókè orí wọn. Ó fa àpótí kan wá láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó jókòó sísàlẹ̀ láàárín àwọn ọmọ.

"Ta ló ṣe èyí tó wọ́ yìí?" ó béèrè.

"Èmi ni, Ma," Lóyà wí. "Kò wọ́ nígbà tí mo ń ṣe é. Nígbà tí mo parí ni."

Aláyẹ̀wò rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá pàápàá rẹ́rìn-ín. Aláyẹ̀wò bi ọmọ mẹ́fà, méje, bí wọ́n ṣe wọn igi, bí wọ́n ṣe mọ ibi tí ìṣó máa gbà, wọ́n sì ń dáhùn, wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu. Ó ń kọ nǹkan sílẹ̀, orí rẹ̀ ń mì. Ọkàn Ìyá Onípákó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wálẹ̀.

Ìgbà náà ni aláyẹ̀wò rí Jẹ́jẹ́.

"Ìwọ ńkọ́? Kí ló dé tí o kò jókòó?"

Jẹ́jẹ́ wò ó, ó wo ilẹ̀. Obìnrin yìí dúró dè é. Kò bi ẹlòmíràn.

"Kì í ṣe tèmi, Ma."

"Ti ta ni?"

"Ó jọ tèmi. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mẹ́ta ni tèmi ní lánàá."

"Ó hù lóru ni," Lóyà wí, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín.

Aláyẹ̀wò kò rẹ́rìn-ín. Ó dojú àga náà dé orí itan rẹ̀, ó gbé awò sójú, ó fi ìka rìn lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tó débi ẹ̀kẹrin, ìka rẹ̀ dúró. Ẹ̀rín kú lẹ́nu àwọn ọmọ.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Mi ò mọ̀, Ma. Mi ò sí níbẹ̀."

"Bóyá ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ràn án lọ́wọ́," Ọ̀gá yára wí. Ó tẹjú mọ́ Lóyà. "Ìwọ ni, àbí?"

"Èmi kọ́, sà," Lóyà wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "A kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹlòmíràn níbí. Ẹ bi Ìyá Onípákó."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ ọ́, pípẹ́ yẹn sì wà lára ohun tí kò lè gbàgbé.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo ṣe é lánàá."

Aláyẹ̀wò kò bá a wí. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dojú àwọn àga dé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo abẹ́ wọn. Gbogbo ọmọ dìde kúrò lórí tirẹ̀.

"Èyí ńkọ́? Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni, Ma," Lóyà wí. Ó na ọwọ́ síwájú. "Ẹ wo àtàǹpàkò mi. Òòlù jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta."

Ó wò ó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó dojú èyí tó tẹ̀ lé e dé, àti èyí tó tẹ̀ lé e, kò sì kọ nǹkan kan sílẹ̀ mọ́.

Nínú ọ́fíìsì Ọ̀gá, aláyẹ̀wò ka ohun tó kọ sí fáìlì fún wọn. Ó ní òun kò lè sọ ní pàtó ọwọ́ tó ṣe iṣẹ́ tí òun rí.

"Ẹyọ kan péré ni," Ìyá Onípákó wí. "Mo fi ohun gbogbo búra fún yín, ẹyọ kan ni."

"Mo gbà yín gbọ́," aláyẹ̀wò wí. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbàgbọ́ mi ni wọ́n ń bi mí ní ọ́fíìsì." Ó dé bírò rẹ̀. "Ká ní ẹ fi sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta ni. Mo wo àwọn mẹ́ta yẹn. N kò rí ọmọ ọdún mẹ́wàá tó gé igi bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí mo wá wò nìyẹn."

Ọ̀gá sin aláyẹ̀wò dé ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mẹ́wàá, Màmá." Kò jágbe mọ́ ọn. Ì bá sàn fún un bó bá jágbe.

Ìròyìn ti dé àgbàlá kí Ìyá Onípákó tó jáde. Àwọn ọmọ pagbo yí Jẹ́jẹ́ ká, àga rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nílẹ̀.

"Ṣé wọ́n pè ọ́ kí o wá jẹ́rìí ni?" Lóyà ń wí fún un. Ojú rẹ̀ pọ́n. "O ò lè jókòó, kí o panu mọ́? Ẹsẹ̀-mẹ́ta. Ìwọ lo bà á jẹ́ fún gbogbo wa."

"Ẹsẹ̀-mẹ́ta," àwọn yòókù ń wí. "Ẹsẹ̀-mẹ́ta."

"Ẹ fi í sílẹ̀," Ìyá Onípákó wí. "Èmi ni mo ṣẹ̀, kì í ṣe òun. Èmi ni mo bà á jẹ́."

"A mọ̀, Ma," Lóyà wí. "Ẹ̀yin lẹ ní ká má fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹlòmíràn." Ó yí padà, ó gbé àga tirẹ̀ lé orí, ó ń lọ. Àwọn tó kù tẹ̀ lé e. Àlàyé kò mú ohun kankan yí padà. Ọmọ náà ni wọ́n lè bínú sí, òun sì ni wọ́n ń bínú sí.

Ó ku òun àti Jẹ́jẹ́.

"Ma," Jẹ́jẹ́ wí. Ó wo ilẹ̀, ó tún wò ó. "Ṣé ẹ rò pé mi ò ní lè gé e ni?"

Ìyá Onípákó la ẹnu. Irọ́ wà nílẹ̀ tó ṣeé pa, ó dùn, ó rọrùn. "Mo rò pé o máa pẹ́," ó ní.

Ọmọ náà mi orí, bí ẹni tí wọ́n sọ iye tí nǹkan kan gùn fún. "Mo ti mọ ibi tó máa gbà," ó ní. Kò gbé àga náà. Ó mú àpò ìwé rẹ̀, ó lọ sílé.

Nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, àwọn mẹ́wàá wọlé wá. Àyè gbà wọ́n dáadáa. Kò sí ẹni tó ta ẹnì kejì nípàá, kò sí ẹni tó ń ṣẹjọ́. Jẹ́jẹ́ ń kí i lójú ọ̀nà bó ṣe ń kí gbogbo olùkọ́, á kúnlẹ̀, á dìde, á kọjá. Àwọn ọmọ ṣì ń pè é ní Ẹsẹ̀-mẹ́ta. Ìyá Onípákó ti bá olùkọ́ kíláàsì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọn kò dáwọ́ dúró.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Wáànù, nítorí ipò kìn-ín-ní kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí, gbé igi rẹ̀ wá síwájú rẹ̀.

"Ma, ẹ bá mi gé ẹsẹ̀ yìí."

"Gé e fúnra rẹ."

"Mọ́mì mi ní kí n sọ fún yín ni. Wọ́n ní ẹ máa ń bá èèyàn ṣe é." Kò sí ìwọ̀sí nínú ohùn rẹ̀. Ohun tó gbọ́ nílé ló ń sọ. "Ẹ bá Ẹsẹ̀-mẹ́ta ṣe tiẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni," Ìyá Onípákó wí. "Mo bá a ṣe é."

Wáànù dúró, ó ń retí ìyókù. Nígbà tí kò sí ìyókù, ó gbé igi náà padà sórí tábìlì, ó fa ìlà kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Ayùn yà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá Onípákó káwọ́ sẹ́yìn. "Ó ti yà," ó ní.

"Ẹ bá mi tọ́ ọ, Ma."

"Ó ti yà, mo ní. Wò ó."